Òkúta Tí Ìjọba Kò Rà

Ìjẹ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe kan létí odò Delaware, ní ìparí ọdún 1847. Ẹ̀dá inú ìtàn ni ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ náà, àwọn òfin àti àwọn ọdún tó dárúkọ kì í ṣe àròsọ.

Ẹnikẹ́ni tó bá bi mí ní ohun tó pa òwò mi, ọdún 1837 ni mo máa ń dárúkọ fún un. Yóò mi orí, yóò káàánú mi, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Gbogbo ẹni tí gbèsè ti dójú tì ní Pennsylvania àti Delaware ló ń sá sábẹ́ ọdún yẹn. Ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún 1837, àwọn báǹkì New York kéde pé àwọn kò ní fi wúrà tàbí fàdákà gba owó bébà àwọn padà mọ́, kò sì pẹ́ rárá tí ti Philadelphia fi ṣe bákan náà. Àwọn tó lówó jù mí lọ ṣubú. Ta ni yóò wá tú aṣọ mi wò, bóyá ọgbẹ́ tèmi ti wà lára mi kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀?

Ó ti wà níbẹ̀. Oṣù Keje 1836 ni mo fi ọwọ́ ara mi dá a sí ara mi, nígbà tí owó pọ̀ nílùú, tí ara mi le, tí ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi. Mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí, torí pé ẹni tí mo fi ilẹ̀ wọn dúró ṣì wà láàyè, àwọn náà sì mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa nígbàkígbà tí mo bá ti dárúkọ 1837.

Òkúta ni mo ń tà. Kì í ṣe òkúta ilé, èyí tí wọ́n ń gbẹ́ títí yóò fi máa dán fún ojú ilé olówó. Òkúta tí a ń jù sómi ni.

Ẹni tí kò bá mọ ẹnu odò Delaware kò lè mọ ìdí tí ìjọba fi ń sanwó fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Láti New York títí dé ẹnu Chesapeake, etíkun náà gùn, iyanrìn ló tẹ́ ẹ, ibi tí ọkọ̀ lè sá sí nígbà ìjì kò sì tó nǹkan. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní Philadelphia yóò dé Cape Henlopen, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Lewes, yóò dúró de afẹ́fẹ́ tàbí kó dúró de atọ́nà. Bí ìjì bá ti àríwá ìlà-oòrùn dé bá a níbẹ̀, orí iyanrìn ni yóò gbé e jù sí. Nígbà òtútù, yìnyín tún máa ń ti òkè odò ya wá, á máa gé okùn ìdákọ̀ró, á máa lu ara ọkọ̀. Àwọn oníṣòwò Philadelphia ké títí ilé aṣòfin fi gbọ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún 1828, Ààrẹ John Quincy Adams fọwọ́ sí òfin tó ya 250,000 dọ́là sọ́tọ̀ láti fi bẹ̀rẹ̀ odi òkúta kan sínú omi níwájú Lewes. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Odi méjì ni. Ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ìdajì máìlì, òun ni yóò gba ìgbì. Èkejì kúrú jù ú lọ, ó wà lápá ibi tí yìnyín ti ń bọ̀, òun ni yóò gba yìnyín. Wọ́n fi àlàfo tó ju 1,000 ẹsẹ̀ bàtà sílẹ̀ láàárín méjèèjì. William Strickland ni wọ́n fi ṣe olórí iṣẹ́. Ayàwòrán-ilé ni Philadelphia mọ̀ ọ́n sí. Òun ló kọ́ ilé Báǹkì Kejì ti Amẹ́ríkà ní Chestnut Street, ilé olópòó funfun tí ẹni tó bá ń kọjá lọ yóò rò pé owó inú rẹ̀ kò lè tán láéláé. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nísinsìnyí. Ọkùnrin kan náà ló kọ́ ilé owó tí gbogbo wa gbà pé kò lè wó, tó sì to odi tí ọ̀pọ̀ wa rò pé ìgbì yóò tú ká. Odi ṣì wà níbẹ̀. Báǹkì ti kú láti 1841.

Kúárì mi wà ní Pennsylvania, lẹ́bàá odò kékeré kan tó ń ṣàn sínú Delaware. Èmi nìkan kọ́ ló wà nídìí òwò náà. Ìdílé Leiper wà ní Crum Creek, orúkọ wọn sì ti kàn kí n tó mọ òòlù dì mú: ní 1810 ni Thomas Leiper ti tẹ́ ojú ọ̀nà onígi sílẹ̀ kí ẹran lè máa fa kẹ̀kẹ́ òkúta lórí rẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì wá gbẹ́ ipa omi kan tó parí ní 1829, kí òkúta lè wọ ọkọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kúárì. Àwọn kan wà lẹ́bàá odò Brandywine nísàlẹ̀. Àwọn mìíràn tún ń kó tiwọn bọ̀ láti ìhà New York, lọ́nà jíjìn yẹn. Kì í ṣe torí pé òkúta ṣọ̀wọ́n ni o. Odi tí à ń tò ń jẹ òkúta ju bí kúárì kan ṣoṣo ṣe lè bọ́ ọ lọ ni. Nígbà tí wọ́n fi máa dáwọ́ dúró, ohun tó ti wọ omi níbẹ̀ ti ju 800,000 tọ́ọ̀nù.

Báyìí la ṣe ń ṣe é. Ọkùnrin kan á jókòó, á di ọ̀pá irin mú sójú àpáta. Àwọn méjì á dúró tì í, wọ́n á máa fi òòlù lu ọ̀pá náà níkọ̀ọ̀kan, ẹni tó dì í mú á sì máa yí i díẹ̀ lẹ́yìn ìlù kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń di ọ̀pá mú gbọ́dọ̀ fọkàn tán ẹni tó ń lù ú ju bó ṣe fọkàn tán ìyàwó rẹ̀ lọ. Bí ihò bá jìn tó, a ó da ẹ̀tù sí i, a ó fi amọ̀ kì í, a ó ti iná sí i, a ó sì sá. Ẹ̀tù wa kò ti òkèèrè wá. Ilé iṣẹ́ du Pont ti wà ní Brandywine láti 1802, kò sì sí olówò òkúta kan ní àgbègbè wa tó gbàgbé oṣù Kẹta 1818, nígbà tí ẹ̀tù gbiná níbẹ̀ tó pa èèyàn tó lé ní 30. Àwọn ará Ireland ló pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ mi. Wọ́n ń bú mi, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Títí dòní, èébú wọn sàn fún mi ju ìkíni àwọn tó yá mi lówó.

Àpáta kì í gba àṣẹ. Ìwọ̀n ẹ̀tù tó bá gbé òkúta ńlá mẹ́rin fún ọ lónìí, ó lè lọ gbogbo rẹ̀ di wẹ́wẹ́ lọ́la. Wẹ́wẹ́ kò sì wúlò. Inú odi lè gba èyí tí kò ju ìdá mẹ́rin tọ́ọ̀nù kan lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn odi, tó kọjú sí òkun, tọ́ọ̀nù méjì, mẹ́ta, jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń béèrè. Gbogbo wa la kọ́ èyí lọ́dọ̀ ìjì. Àwọn òkúta kéékèèké tí a kọ́kọ́ ń kó lọ, òkun gbá wọn kiri bó ṣe wù ú. Ó yẹ ká ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Irú odi yìí kan náà ni wọ́n ń tò ní Plymouth, nílẹ̀ England, láti 1812. Ní oṣù Kọkànlá 1824, ìjì kan gbé òkúta lọ́pọ̀ yanturu láti ẹ̀yìn odi náà, ó kọjá orí rẹ̀, ó dà wọ́n sínú. Ìdàgẹ̀rẹ̀ tí àwọn ẹnjiníà yà sórí ìwé, òkun fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un yà, ó jẹ́ kó tẹ́jú sí i, wọ́n sì gbà bẹ́ẹ̀ fún un. Kò sí aláṣẹ tó ju òkun lọ nínú iṣẹ́ yẹn.

Ọkọ̀ onígbòkun ló ń kó òkúta náà sọ̀ kalẹ̀, nǹkan bí 100 máìlì láti Philadelphia. Bó bá dé, kì í ṣe pé yóò kàn dà á sílẹ̀ kó máa lọ. Ó gbọ́dọ̀ dúró gan-an síbi tí wọ́n ní kó dúró, kí ìgbì sì jẹ́ kó dúró, kí a tó máa ti òkúta kọjá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ti rí ọkọ̀ tó ní ẹrù nínú tó jókòó sí Lewes bí aboyún tí oṣù rẹ̀ ti pé, tó ń wo ojú ọ̀run láti òwúrọ̀ dalẹ́, tí àwọn atukọ̀ ń jẹun mi, tí wọ́n ń gba owó mi, tí òkúta kankan kò wọ omi. Iye tọ́ọ̀nù ni ìjọba ń san. Kò sẹ́ni tó ń san owó ìdúró.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibí yìí jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kékeré kí n tó dórí ńlá. Kò sí òṣùwọ̀n tó lè gbé odidi ọkọ̀ lójú omi. Bí ọkọ̀ bá ṣe rì tó ni wọ́n fi ń mọ ìwọ̀n ẹrù inú rẹ̀. Kò sì sí ọkọ̀ onígi tí omi kì í jò wọ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà mìíràn, bí a bá fẹ́ wọn ọkọ̀ mi, mo máa ń sọ fún ọ̀gá atukọ̀ pé kó má tíì gbọ́n omi yẹn dànù. Ìjọba Amẹ́ríkà ti sanwó omi fún mi ní iye òkúta. Kò pọ̀, kò sì sọ mí di ọlọ́rọ̀. Ohun tó ṣe fún mi burú ju kó sọ mí di ọlọ́rọ̀ lọ: ó jẹ́ kí n gbà pé èmi ni mo gbọ́n jù nínú àwa méjèèjì.

Ó wá ku bí owó yẹn ṣe ń wá.

Ilé aṣòfin kì í dá owó odi náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ṣe é, nínú òfin kan tó kó owó gbogbo èbúté àti odò pọ̀: tibí 10,000, tọ̀hún 30,000, ti Lewes tó pọ̀ díẹ̀. Oṣù Kejìlá ni wọ́n máa ń kóra jọ sí Washington. Ní ọdún tí ìjókòó wọn bá kúrú, wọ́n gbọ́dọ̀ parí ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, òfin owó á sì jáde kí yìnyín tó yọ́ tán lórí odò. Ọdún dáadáa nìyẹn fún olówò òkúta. Ní ọdún tí ìjókòó bá gùn, ìyẹn ọdún kejì-kejì, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ títí ooru yóò fi lé wọn jáde. Òfin ti 1832, ọjọ́ 3 oṣù Keje. Ti 1834, ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà. Ti 1836, ọjọ́ 2 oṣù Keje. Ẹ bá mi wò ó: tí yìnyín bá ti lọ ní ìgbà ìrúwé ni iṣẹ́ ojú omi ń bẹ̀rẹ̀, ìjì ìgbà ìwọ́wé sì máa ń gba ojú omi lọ́wọ́ wa. Ẹni tó bá dúró de oṣù Keje kó tó gba òṣìṣẹ́, ìdajì ọdún ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá dúró, owó ara rẹ̀ tàbí owó ẹlòmíràn ló fi ń fọ́ òkúta, pẹ̀lú ìrètí pé àwọn ọkùnrin kan tí kò rí rí ní Washington yóò dìbò bó ṣe fẹ́.

Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún dá a lábàá báyìí, àbá mi kì í sì í bọ́ sílẹ̀. Ààrẹ Jackson tiẹ̀ kọ̀ láti fọwọ́ sí òfin owó ọ̀nà Maysville, ní Kentucky, ní oṣù Karùn-ún 1830, gbogbo ilé ọtí tó wà lẹ́bàá odò sì ń pariwo pé iṣẹ́ ìjọba ti tán. Owó Lewes ṣì wá. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará Kentucky kò kàn mí, mo rò bẹ́ẹ̀. Odi tèmi wà nínú òkun, gbogbo ìpínlẹ̀ ló ń lò ó.

Ní oṣù Kìíní 1835, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí rí: ìjọba Amẹ́ríkà san gbogbo gbèsè rẹ̀ tán. Kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn tí wọ́n ń tà ń mú owó wọlé débi pé àpò ìjọba ń kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 1836, wọ́n ṣe òfin pé kí wọ́n pín èyí tó ṣẹ́ kù fún àwọn ìpínlẹ̀ láti oṣù Kìíní tó ń bọ̀. Inú ilé ìtajà kan ní Chester ni mo ti ka ìròyìn náà, orí mi sì wú. Oníbàárà mi ni ọlọ́rọ̀ jùlọ láyé. Owó ń dá a láàmú.

Ojú òmùgọ̀ ni mo fi kà á. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé parí kì í pín owó ilé fún àwọn aládùúgbò. Bí ilé aṣòfin bá ní i lọ́kàn láti máa to òkúta fún ọdún mẹ́wàá sí i, ibẹ̀ ni wọn ì bá ti kọ́kọ́ fi owó pamọ́ sí. Ohun tí òfin yẹn ń wí ni pé wọn kò mọ ohun tí wọ́n máa fi owó náà ṣe, àti pé èyí tó bá ti jáde kò ní padà. Ó hàn kedere. Èmi ni n kò fẹ́ kà á bẹ́ẹ̀.

Òkè kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúárì mi. Àpáta inú rẹ̀ dára, ó ń yọ ní ńlá-ńlá, irú èyí tí ẹ̀yìn odi ń fẹ́ gan-an. Ẹni tó ni ín fẹ́ tà á. Nígbà tí òfin ọjọ́ 2 oṣù Keje jáde, tí mo rí i pé owó Lewes wà nínú rẹ̀, mo lọ sí báǹkì, mo yá owó òkè náà, mo yá ti ọkọ̀ méjì mọ́ ọn, àti ti ẹ̀rọ onígi tuntun tí a fi ń gbé òkúta. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fún mi láti san án. Báǹkì ní kí n wá onídùúró.

Akọ̀wé mi nígbà náà jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ka ìwé náà tán, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Ọdún mélòó ni owó tí ìjọba dá yìí wà fún?”

Mo ní ọdún kan.

“Gbèsè yìí ńkọ́?”

Mo ní, ṣé kò lè kàwé ni?

“Mo kà á, Ọ̀gá. Ọdún mẹ́rin tó kù ni n kò rí ẹni tó dárúkọ.”

Èsì tí mo fún un ni àṣìṣe náà gan-an. Èsì yẹn kò tíì kúrò létí mi. Mo ní, “Odi wà nínú òkun ní ààbọ̀. Ṣé wọ́n á wá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni? Pẹ̀lú gbogbo owó tó ti wọ̀ ọ́?”

Mo fi iṣẹ́ tí kò parí ṣe onídùúró. Mo rò pé ẹni tó bá ti ná owó tó tó yẹn sórí nǹkan, nǹkan náà ti dè é mọ́lẹ̀, kò sì ní lè rìn. Bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí fún èmi àti ìwọ, tí owó ara wa ni à ń ná. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ odi yẹn ní 1828, mélòó nínú wọn ló ṣì wà nípò lọ́dún 1838? Adams ti kúrò nípò Ààrẹ kí òkúta tó pọ̀ nínú omi. Ẹni tó wọlé lẹ́yìn kò bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan, kò sì sí ohun tó tì í lójú nínú pé kò parí.

Akọ̀wé náà kò tún sọ̀rọ̀. Kí ọdún tó parí, ó rí iṣẹ́ mìíràn, ó kí mi, ó lọ.

Onídùúró tí mo rí ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi. Àgbẹ̀ ni wọ́n, ilẹ̀ wọn mọ́ tónítóní, gbèsè kankan kò sí lórí rẹ̀. Mo lọ bá wọn lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Mo ṣàlàyé títí, mo fi ìwé ìròyìn hàn wọ́n, mo sọ nípa owó tó kún àpò ìjọba. Wọ́n gbọ́ mi tán.

“Ìjọba ló ń ra òkúta náà?”

“Ìjọba ni, Ẹ̀gbọ́n.”

“Ìjọba kì í sá lọ.”

Wọ́n fọwọ́ sí i. Ìyàwó mi wà nínú yàrá náà. Kò sọ nǹkan kan, n kò sì wo ojú rẹ̀.

Lóòótọ́, ìjọba kò sá lọ. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta 1837, òfin owó tún jáde, ní àkókò tó dára jù fún wa. Nígbà tí àwọn báǹkì ti ilẹ̀kùn wúrà wọn lóṣù Karùn-ún, ọ̀pọ̀ òwò dúró lẹ́ẹ̀kan náà, iṣẹ́ Lewes kò dúró. Òótọ́ tí mo ń fi 1837 bò mọ́lẹ̀ nìyẹn. Lọ́dún tí gbogbo ayé ń ṣubú, èmi ń ju òkúta sómi, mo sì ń gbowó. Mo ń káàánú àwọn ẹlòmíràn. Mo tilẹ̀ yá ọ̀kan nínú wọn lówó.

Àwọn àmì kan wà tí mo rí. Omi tí odi dáàbò bò, níbi tí ọkọ̀ ń sá sí, ti ń kún. Iyanrìn àti ẹrẹ̀ ń jókòó síbi tó yẹ kí omi ti jìn. Àwọn ẹnjiníà ọmọ ogun wá wò ó, wọ́n ń wọn omi, wọ́n ń bára wọn jiyàn lórí àlàfo tó wà láàárín odi méjèèjì. Bí wọ́n bá dí i, ṣé omi yóò dákẹ́ tí ẹrẹ̀ á túbọ̀ máa jókòó, àbí bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ ló fa ìyọnu náà? Ẹni tó ń ta nǹkan fún ìjọba gbọ́dọ̀ gbọ́n nígbà tí àwọn ẹnjiníà bá bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn, torí pé aṣòfin tí kò fẹ́ dá owó mọ́ ti rí ohun tí yóò sọ nìyẹn. Èmi rò pé, bó ti wù kí wọ́n jiyàn náà parí sí, òkúta ni wọ́n máa fi yanjú rẹ̀.

Òfin ọjọ́ 7 oṣù Keje 1838 ni ìkẹyìn. N kò mọ̀ pé ìkẹyìn ni. Mo ti fi gbogbo ìgbà ìrúwé fọ́ òkúta dè é, bí mo ṣe máa ń ṣe. Nígbà tó jáde, mo lọ fi í hàn ní báǹkì, wọ́n sì fi díẹ̀ kún gbèsè tó wà lọ́rùn mi kí n lè gba òṣìṣẹ́ sí i. Mo ń ronú nípa 1839.

Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta 1839 dé, ilé aṣòfin parí ìjókòó, òfin èbúté kankan kò sí. Àpò tó kún àkúnwọ́sílẹ̀ ti gbẹ. Mílíọ̀nù 28 dọ́là ni wọ́n ti pín fún àwọn ìpínlẹ̀ nínú 1837, ìdá kẹrin tó yẹ kí wọ́n pín lóṣù Kẹwàá ni wọn kò pín mọ́, ìjọba fúnra rẹ̀ sì ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í yá owó. A fi ìyókù owó 1838 ṣe ohun tó ṣe é ṣe, lẹ́yìn náà wọ́n dá iṣẹ́ Lewes dúró. Odi méjèèjì wà níbẹ̀ láìparí, àlàfo wà láàárín wọn, ẹrẹ̀ ń kún. Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó rọrùn fún wọn púpọ̀.

Òkúta tí mo ti fọ́ sílẹ̀ fún ọdún yẹn tò gbọọrọ lẹ́bàá omi, àwọn ńlá-ńlá, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn ṣe fẹ́. Mo wọ ọkọ̀, mo lọ sí Washington. Akọ̀wé kan gbà mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ nínú ọ́fíìsì kan, ó wá ìwé mi rí, ó sì kà á sí mi létí. Òkúta tí wọ́n bá ti jù síbi tí ẹnjiníà fi hàn, tí ẹnjiníà sì gbà, ni ìjọba rà.

Ó bi mí pé, “Àwọn tí ẹ ń wí yìí, ibo ni wọ́n wà?”

Mo ní wọ́n wà ní kúárì mi.

Ó ní, “Tiyín ni wọ́n nígbà náà, Sà.” Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ló sọ.

Kò sí ohun tó ṣòroó tà bí òkúta tọ́ọ̀nù mẹ́ta. Kálukú ló fẹ́ èyí tí kẹ̀kẹ́ lè gbé. Mo tún ní láti gba àwọn ọkùnrin kan láti fọ́ ohun tí mo ti fi ẹ̀tù àti òógùn yọ ní odidi, kí wọ́n sọ ọ́ di wẹ́wẹ́, kí n lè tà á fún àwọn tó ń tẹ́ ojú irin rélùwéè, ní iye tí kò tó owó ihò tí a lu sí i. Mo ti ń lé wẹ́wẹ́ kúrò ní kúárì mi fún ọdún mẹ́wàá. Wọ́n lu ọkọ̀ méjèèjì ní gbànjo. Òkè náà padà sọ́dọ̀ báǹkì. Èyí tó kù, wọ́n lọ gbà á lórí ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ, títí kan pápá tó sún mọ́ odò tí bàbá wọn fi lé wọn lọ́wọ́. Wọn kò bá mi jà. Bí a bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á dáhùn ìkíni mi. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ gbọ́ tí mo sọ fún àlejò kan pé 1837 ló fà á. Ó dìde, ó kúrò nídìí oúnjẹ.

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ èbúté ti di ọ̀rọ̀ òṣèlú pátápátá. Ní 1844 wọ́n dá owó díẹ̀ sílẹ̀, orí àwọn kan tún wú. Ní oṣù Kẹjọ 1846, Ààrẹ Polk kọ̀ láti fọwọ́ sí òfin tó tẹ̀ lé e, ó ní òfin ilẹ̀ kò gbé irú agbára bẹ́ẹ̀ fún ìjọba. Ní oṣù Keje ọdún yìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kóra jọ sí Chicago láti sọ fún un pé ó ṣìnà. Wọ́n kọ̀wé sí mi pé kí n wá. Agbaṣẹ́ṣe tó ti ṣe iṣẹ́ Lewes yóò wúlò lórí pèpéle, wọ́n ní. N kò lọ. N kò ní owó ọkọ̀, bí mo bá tilẹ̀ ní in, kí ni mo fẹ́ sọ? Pé kí wọ́n parí odi nítorí mi?

Ẹ̀rọ onígi tí mo fi ń gbé òkúta nìkan ni báǹkì kò kó, torí pé ó ti gbó díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ ẹ nígbà náà. Lẹ́yìn ìpàdé Chicago, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi, ó bi mí ní iye tí mo máa tà á. Ó ti gbọ́ pé iṣẹ́ èbúté ń bọ̀ padà, ó fẹ́ wà ní ìmúrasílẹ̀. Ó bi mí bí òkúta ṣe ń yọ ní òkè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi àtijọ́. Báǹkì fẹ́ tà á fún un, wọ́n sì ní àwọn máa fún un láyè láti san án díẹ̀díẹ̀. Ó ní odi Lewes ṣì wà ní ààbọ̀, ó dájú pé wọn kò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí.

Àwọn àgbà ní ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Mo ní àpáta òkè náà dára, ó ń yọ ní ńlá-ńlá. Òótọ́ ni. Mo sọ iye ẹ̀rọ fún un, mo fi díẹ̀ lé e. Nígbà tó béèrè bóyá òun lè san ìdajì báyìí, kí òun san ìyókù nígbà tí ìjọba bá bẹ̀rẹ̀, mo ní rárá o, owó lọ́wọ́ ni.

Ó wá owó náà rí, ó san án. Mo gbé e lọ fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n kà á lójú mi, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n sì sọ iye tó kù fún mi.